Ọ̀gá Tó Fẹ́ Fojú Rí Gbogbo Nǹkan

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé wọn ò fẹ́ gbọ́ ni."

Gbólóhùn yìí kò jẹ́ kí n gbádùn láti bí oṣù mélòó kan. Àgùnbánirọ̀ kan ló sọ ọ́ fún mi ní ọ́fíìsì tí mo ti kúrò báyìí, ní Wuse 2 ní Àbújá níbí, lọ́jọ́ tí ìṣirò owó àwọn oníbàárà wa dojú rú. Kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì wí àwíjàre. Ó wolẹ̀, ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láti ìgbà náà, yálà mo wà nínú ọkọ̀ láti Berger sí Nyanya ni o, tàbí mo ń jẹun alẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

N kò ní ròyìn irú ọ́fíìsì tó jẹ́ lọ títí. Ẹni tó bá ti fi kóòdù kíkọ gba owó oṣù rí ní Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n: ọ̀gá tó máa ń dúró sẹ́yìn àga èèyàn, WhatsApp tó ń dún láago mọ́kànlá alẹ́, ìsinmi tó tọ́ síni tí a ó tún máa tọrọ, ìpàdé òwúrọ̀ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 15 tí yóò gbà ju wákàtí kan lọ. Ohun tí mo fẹ́ wò dáadáa ni bí ọmọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí iná lórí òrùlé, kó sì jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Fáìlì tó ń pọ́n

Ọ̀gá wa fẹ́ràn kí ó máa rí nǹkan. Ó ṣí fáìlì kan sórí Google Sheets, ó pín ọjọ́ iṣẹ́ sí ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí, ó to orúkọ gbogbo wa sókè. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá tí o kò kọ ohun tí o ṣe síbẹ̀, ààyè náà á pọ́n wẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ka iye pupa tó wà lábẹ́ orúkọ kálukú sí gbangba. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi mọ ọgbọ́n tí a ó ta sí i. Láago mẹ́jọ àárọ̀, kí kọ̀ǹpútà tó ṣí tán, àwọn kan ti kọ ohun tí wọ́n máa "ṣe" láago mẹ́ta ọ̀sán sílẹ̀. "Àtúnṣe ojú ìwé ìwọlé." "Àyẹ̀wò dátábéèsì." Gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin yìí là ń yí lọ yí bọ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ jù nínú wa, ọkùnrin ará Kàdúná kan tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀, kò kọ́kọ́ lè bá wa purọ́. Ó lo odidi òwúrọ̀ kan nídìí bébà àti bírò, ó ń ya bí dátà ṣe ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Kó tó di àkókò ìrun Àìlá, ó ti rí ohun tó ń mú kí àkọsílẹ̀ òpin oṣù pẹ́ kó tó jáde, ohun tí gbogbo wa ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ráhùn lé lórí. Ṣùgbọ́n abẹ́ orúkọ rẹ̀ pupa láti òkè délẹ̀. Wọ́n kọ kúẹ́rì fún un. Láti ọjọ́ náà, òun náà ń kọ "Àyẹ̀wò dátábéèsì" ní gbogbo ìdajì wákàtí, n kò sì tún rí i kó mú bírò jáde mọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gbé sọ́fítíwià kan sórí láptọ̀ọ̀pù wa tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà lóòrèkóòrè. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ó ya àkáǹtì báǹkì obìnrin kan tó ń wò ó bóyá owó oṣù ti wọlé, ọ̀gá sì fi iye tó kù níbẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ ní ìpàdé. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti wà láti oṣù Òkúdu ọdún 2023. Ẹni tó bá ń gba dátà èèyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí tí òfin mọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀, kò sì gbọdọ̀ gbà ju èyí tó nílò lọ. Inú Àbújá kan náà tí a wà ni àjọ tó ń mójú tó òfin yìí wà. Obìnrin náà kò lọ síbẹ̀. Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń fi fóònù wo owó rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ìlà tí a yọ kúrò

Ọ̀gá tún máa ń ka iye commit, ìyẹn àtúnṣe kóòdù tí èèyàn fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kálukú ṣe lọ́sẹ̀. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ta kan lẹ́ẹ̀kan, borí ẹni tó yanjú ìṣòro ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìtàn kan wà tí àwa tí a ń kọ kóòdù fẹ́ràn láti máa sọ fún ara wa. Ní ọdún 1982, ní Apple, àwọn mánéjà tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà Lisa ní kí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù máa kọ iye ìlà tó kọ lọ́sẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Bill Atkinson, ẹni tó kọ QuickDraw, sọ́fítíwià tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tún apá kan iṣẹ́ rẹ̀ kọ ni. Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ìlà bí 2,000 sì ti kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ní kó kọ iye ìlà, ó kọ -2000. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣíwọ́ fọ́ọ̀mù bíbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń bí mi nínú díẹ̀ bí àwọn èèyàn bá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìgboyà nìkan ló gbà. Atkinson wà lára àwọn tí Apple ò lè ṣe láìsí wọn. Kò sẹ́ni tó lè há ìwé clearance rẹ̀, irú èyí tí ibi iṣẹ́ ń fọwọ́ sí fún àgùnbánirọ̀ lóṣooṣù, mọ́ dúrọ́ọ̀.

Owó tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn ilé ìwé aládàáni ló ń lo ohun tí a ṣe. Òbí á fi fóònù san owó ilé ìwé, iléeṣẹ́ tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rán ìròyìn sí sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá wa gba iṣẹ́ wọlé, pé owó ti wọlé, sáfà wa á kọ ọ́ sí àkáǹtì ọmọ náà, á sì dá iléeṣẹ́ náà lóhùn pé a ti gbọ́. Bí sáfà bá pẹ́ jù kó tó dáhùn, iléeṣẹ́ náà á gbà pé ìròyìn òun kò dé, á tún un rán. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà ìsanwó náà ti wà lọ́dọ̀ wa kí a tó fi owó kún nǹkan kan.

Tiwa kì í wò ó. Ẹni tó kọ ọ́ ti wà ní Kánádà kí n tó dé ọ́fíìsì náà. Ìyẹn nìkan ì bá má tíì dá wàhálà sílẹ̀, torí sáfà wa ń yára dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti pàṣẹ pé owó kankan kò gbọdọ̀ wọlé kí ímeèlì má dé ọ̀dọ̀ òun lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá ki ìlà kan bọ àárín: kọ owó sílẹ̀, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá, dúró títí ímeèlì á fi lọ, lẹ́yìn náà ni kí o tó dá iléeṣẹ́ ìsanwó lóhùn. Ọjọ́ tí ímeèlì bá ń falẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń falẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ wọlé sí sáà tuntun ló tú síta. Akápò ilé ìwé kan ní Kubwa pè wá. "Bàbá kan san ₦85,000, ohun tí ẹ kọ jẹ́ ₦170,000. Ó jókòó síwájú mi báyìí, ó ní ká dá ìyókù padà fún òun." Kí a tó jẹun ọ̀sán, ilé ìwé mìíràn ti pè, òmíràn tún pè tẹ̀ lé e.

Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣí fáìlì ìdajì wákàtí, ó ń wá ẹni tí ààyè rẹ̀ pupa. Èmi jókòó ti lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ṣe, mò ń kà á láti òkè wálẹ̀. Nọ́ńbà ìsanwó kan náà fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, àlàfo àárín wọn kò tó nǹkan. Mi ò tíì mọ ohun tó fà á tí mo fi gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìlà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá."

Àgùnbánirọ̀ wa ni, ọmọ Àkúrẹ́, tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì, tó fi fóònù àti dátà òru kọ́ ara rẹ̀ ní kóòdù. Ó mú jótà kékeré kan lọ́wọ́, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní tábìlì ìsọdipúpọ̀. Ojú ewé tó ṣí hàn mí ní nọ́ńbà ìsanwó mẹ́rin, ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, aago tí wọ́n wọlé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ohun tó yẹ kí a ṣe sí: wo nọ́ńbà kí o tó fi owó kún un, tètè dáhùn, jẹ́ kí ímeèlì lọ tò sẹ́yìn kó máa lọ láyè ara rẹ̀. Ìlà mẹ́fà péré. Déètì tó wà lókè ewé náà ti lé ní oṣù kan.

"Àbúrò, kí ló dé tí o ò sọ?"

Ibẹ̀ ló ti dá mi lóhùn pé òun rò pé wọn ò fẹ́ gbọ́ ni.

Nírọ̀lẹ́, nídìí ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó ṣàlàyé. Ní oṣù àkọ́kọ́ tó dé, ó nawọ́ ní ìpàdé, ó ní ímeèlì yẹn ń fa ọwọ́ ìsanwó sẹ́yìn. Ọ̀gá bi í pé, "Ta ló gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹ?" Ó ní kí wọ́n ṣí fáìlì sójú ògiri, kí gbogbo ilé wo bí abẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣe pupa tó, nítorí àkókò tó fi wádìí ọ̀rọ̀ náà kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un. Nígbà tí oṣù parí, ìwé clearance rẹ̀ kò jáde bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti sìnrú ìlú rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: láìsí ìwé tí ibi iṣẹ́ fọwọ́ sí lóṣooṣù, ₦77,000 tí ìjọba ń san, tó jẹ́ ₦33,000 kó tó di ọdún 2025, lè há. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i tán, ó pinnu pé ohunkóhun tí òun bá tún rí, inú jótà òun ni yóò gbé.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọ́fíìsì tiwa, ẹni tó lanu ni wọ́n mú.

Ìbéèrè ọ̀gá

Mo tún un ṣe bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́, mo kàn fi kún un pé dátábéèsì, ibi tí a ń kó àkọsílẹ̀ sí, fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà ìsanwó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti wà lórí sáfà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ṣàlàyé, mo sì dárúkọ ẹni tó rí i. Mo ní, "Ọ̀gá, ímeèlì yín á ṣì máa wọlé sà, ó kàn lè fi bí ìṣẹ́jú kan pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Báwo ni mo ṣe máa wá mọ̀ pé owó wọlé?"

Kò béèrè iye òbí tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò béèrè bí ọmọ tó ń sìnrú ìlú ṣe rí ohun tí gbogbo wa ò rí. Títí di ọjọ́ náà, mo máa ń gbèjà rẹ̀ lọ́kàn mi: mo máa ń ní ó fẹ́ kí iṣẹ́ lọ geerege ni, ọwọ́ tó fi mú un ló le. Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú. Owó ìbáà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìbáà wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ímeèlì bá ti dún lórí fóònù rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ímeèlì tó fi ń ṣọ́ owó ló ba owó jẹ́, síbẹ̀ ímeèlì ló ń ṣàárò.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Ó ti sọ fún wa rí pé ẹni tí àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ náà kó kóòdù àti oníbàárà lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ mọ ohun tí a ń ṣe lóòótọ́, ohun tó máa fi mọ̀ ọ́n wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 2005 ni Linus Torvalds kọ Git, sọ́fítíwià tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àtúnṣe kóòdù, nítorí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí Linux, sọ́fítíwià tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fọ́n ká ayé, tí ọ̀pọ̀ wọn ò fojú rí ara wọn rí. Kò lè dúró sẹ́yìn àga ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, àti àlàyé ìdí tó fi ṣe é, ẹni tó bá sì fẹ́ lè kà á láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọ̀gá wa ní gbogbo èyí. Iye commit inú rẹ̀ nìkan ló ń kà. Nígbà tí mo fi bí wọ́n ṣe ń ka inú rẹ̀ hàn án, ó ní òun ò ráyè.

Ó ráyè ka pupa.

Bí wọ́n bá ń ṣọ́ èèyàn báyìí, ohun tí yóò máa ṣe ni èyí tí ojú lè rí. Iṣẹ́ wa sì rèé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. A ń ronú, a ń ka kóòdù ẹlòmíràn, a ń wò fìn-ín nítorí pé nǹkan kan ò jọra. Ẹni tí wọ́n bá ń ka ìdajì wákàtí rẹ̀ kò ní ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé: ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn dé tì í.

Kí ló wá so yín mọ́lẹ̀?

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù láti Ìbàdàn. Ó mọ̀ pé àwọn èèyàn ti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí. Ní oṣù Ògún ọdún 1911, ní iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Watertown, àwọn tó ń da irin fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ẹni tó mú aago dúró tì wọ́n, tó ń ka ìṣẹ́jú ọwọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé aṣòfin, nígbà tó sì ṣe, òfin kò jẹ́ kí wọ́n náwó ìjọba sórí irú aago bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n jọ jáde ni. Àwa ò tilẹ̀ lè jọ sọ̀rọ̀, torí wọ́n ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wa.

Ìdí mìíràn ni pé iná mànàmáná wà ní ọ́fíìsì. Ní Mararaba tí mò ń gbé, iná lè lọ kó má dé títí di ọjọ́ kejì. Ọ́fíìsì ní jẹnẹrétọ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Owó ilé ọdún kan gbáko là ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn, ilé bàbá mi wà níbẹ̀. Ní Àbújá, àfi àwọn ọmọ onílẹ̀ bíi Gbágyì ló lè sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn àwọn tí ilẹ̀ ṣì kù fún nínú wọn. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbà wá: ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú kúrò nínú àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Ìwé àdéhùn tí o bá fọwọ́ sí ló kù fún ẹ. Tiwa ní kí òṣìṣẹ́ fún wọn ní oṣù mẹ́ta kó tó lọ, kí àwọn sì lè lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa ka ìwé àdéhùn yín dópin, ẹ jọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó le jù ni pé ọmọ ilé wa ni ọ̀gá. A ò lè pè é lórúkọ, a ò lè já ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, a sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ọmọ Kánò tó jókòó tì mí a máa fi "ranka ya dade" kádìí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá bá a sọ. Kálukú wa gbé ìbọ̀wọ̀ fágbà ti ilé rẹ̀ wá, ọ̀gá sì rò pé ìfọwọ́sí ni. Ó máa ń sọ ní ìpàdé pé nílé wa, ọmọdé kì í kọ́ àgbà. Mo máa ń fẹ́ dá a lóhùn pé ọgbọ́n ọmọdé, ọgbọ́n àgbà la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ohun tí mò ń béèrè báyìí

Mo fún wọn ní oṣù mẹ́ta wọn. Ní gbogbo àkókò náà, mò ń lọ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò káàkiri, bí wọ́n bá sì bi mí níbẹ̀ pé ṣé mo ní ìbéèrè kankan, ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: "Ta ló mú ìròyìn burúkú wá bá yín kẹ́yìn, kí lẹ sì ṣe fún un?"

Ọ̀gá kan ní Utako rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí ìròyìn burúkú ní iléeṣẹ́ òun. Mo dúpẹ́, mo kí wọn, mo sọ̀ kalẹ̀. Òmíràn ní Jabi ní àwọn máa ń gba gbogbo ìròyìn tọwọ́ tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ ẹnì kankan. Obìnrin kan ní Gwarinpa kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ló rí i pé ẹ̀dà dátà tí wọ́n ń fi pamọ́ nítorí ọjọ́ burúkú kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun sì kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọn kí òun tó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní wọn ò tíì tún un ṣe tán. Ó bi mí bóyá mo lè bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé.

Owó wọn kò tó ti àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ wọn sì máa ń kú. Mo bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé.